Pocket 4K lọ́wọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́: eré ọdún méjì, òde ọjọ́ kan

Mi ò ní sọ iye tí mo ra kámẹ́rà sinimá Pocket 4K yìí, torí ìyàwó mi máa ń ka ohun tí mo bá kọ. Tòkunbọ̀ ni, Èkó ni mo ti rà á, nígbà tí dọ́là ń fi ojoojúmọ́ gòkè. Nígbà tí Blackmagic Design, àwọn ará Ọsirélíà, gbé e jáde lọ́dún 2018, 1,295 dọ́là ni, kódù DaVinci Resolve Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé fídíò tí a sì fi ń tọ́ àwọ̀ rẹ̀, sì wà nínú owó náà. Ẹni tó bá fẹ́ ra Resolve Studio lọ́tọ̀, 295 dọ́là ni. Ọ̀gbẹ́ni tó ta tèmi fún mi ti lo kódù yẹn sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kò sì lanu sọ ọ́ títí owó fi kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ béèrè kódù kí ẹ tó béèrè lẹ́ńsì.

Ẹni tó sọ ọ́ ní Pocket kò rán aṣọ rí. Àfi àpò gbárìyẹ̀ nìkan ló lè gbà á. Ojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 5, ìyẹn tóbi dáadáa, àmọ́ kò ṣeé yí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Iṣẹ́ méjì ni mo ń ṣe. Mo ń ya eré tí wọ́n ń gbé sórí YouTube, mo sì ń ya òde ìnáwó. Eré ni mo fẹ́ràn, òde ló ń bọ́ mi. Nítorí náà, nígbà tí kámẹ́rà dé, mo rò pé màá fi òkò kan pa ẹyẹ méjì. Ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé e lọ síbi ìgbéyàwó ní gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìlọrin, èmi nìkan, láìsí ẹni tó bá mi gbé nǹkan kan.

Ohun tí mo ti kà nínú ìwé rẹ̀ tí mi ò kà sí ni pé kámẹ́rà yìí kì í dá fókọ́ọ̀sì lé èèyàn kiri. O máa tẹ bọ́tìnì, á wá fókọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan, á dúró síbẹ̀. Ṣé alágángan máa wá dúró? Ìyá ìyàwó jó síwájú, ó ṣe bàìbàì. Ó jó sẹ́yìn, ó tún ṣe bàìbàì. Ìgbà tó dúró kí wọ́n lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí nìkan ló mọ́lẹ̀ kedere. Bátìrì náà kò tún gbè mí. LP-E6 ti Canon ló ń lò, àwọn tó ṣe kámẹ́rà fúnra wọn ò sì ṣèlérí ju bíi wákàtí kan lọ. Èmi wá lọ ra aláìlórúkọ mẹ́rin, torí ó pọ́ọ́kú. Ẹ̀kejì kú nígbà tí wọ́n ń gbé kéèkì bọ̀, ẹ̀kẹta kò tó àlùbáríkà. Nígbà tí mo gbé iṣẹ́ lọ fún màmá, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n yọ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́.

"Ọmọ mi, ṣé ojú tèmi ló ń ṣú ni, àbí fídíò ló ń ṣú?"

Mo dá ìlàjì owó wọn padà. Ẹ̀bi mi ni. Láti ọjọ́ náà, kámẹ́rà yìí kò tún tẹ òde mọ́.

Lórí eré, ọ̀tọ̀ ni. Níbẹ̀, àwa la ń sọ ibi tí kálukú máa dúró. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi yí fókọ́ọ̀sì: á fi tépù wọn ilẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì fàlà síbi tí òṣèré máa dé, á lẹ bébà mọ́ ara lẹ́ńsì, á kọ 1, 2, 3 sí i. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹkún ni. Ní báyìí, ó ti mọ̀ pé bàbá kan tó máa ń bá wa ṣeré kì í gbéra láìkọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Bí bàbá bá ti mí, ọwọ́ ọmọ ti ń lọ sórí 2. Mi ò tíì rí kámẹ́rà adá-fókọ́ọ̀sì-mú tó gbọ́ èémí èèyàn.

Alẹ́ ni kámẹ́rà yìí ti gba ọkàn mi pátápátá. ISO, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó, méjì ló jẹ́ ìpìlẹ̀ fún sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, 400 àti 3200. Láti 100 dé 1000, ti àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti di 1250, ti kejì gbà á. A ń ya ìran kan nínú ilé alámọ̀, níbi tí ìyá àgbà kan ti ń ka owó àjọ nídìí fìtílà. Mo fi í sí 1000, èérún àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára ògiri bí ikán. Mo ní ìmọ́lẹ̀ ló kù, mo fẹ́ lọ gbé iná míì. Kí n tó gbéra, mo rántí, mo yí i sókè sí 1250, mo dín ihò lẹ́ńsì kù díẹ̀. Ògiri dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, nọ́ńbà tó ga jù ló mọ́ jù. Mo gbé LED kékeré kan sẹ́yìn fèrèsé, mo na aṣọ funfun síwájú rẹ̀, kó máa wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ara dúdú fẹ́ràn iná ẹ̀gbẹ́, á máa dán lórí rẹ̀ bí ẹni fi òróró pa á. Gọ̀ǹbọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá yẹn, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní òjìji tirẹ̀. Nígbà tí mo ń tọ́ àwọ̀ rẹ̀ nínú Resolve, mi ò ṣe ju pé mo fà á wálẹ̀ díẹ̀ lọ.

Iná ilé ńkọ́? Tiwa ní Nàìjíríà, 50 Hz ni, ìyẹn pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá ń ya férémù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí shutter, ohun tó ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó lórí férémù kọ̀ọ̀kan, wà ní dígírì 180, gílóòbù lè máa ṣẹ́jú nínú àwòrán. Ẹ fi sí férémù 25 pẹ̀lú 180, tàbí 24 pẹ̀lú 172.8. Méjèèjì já sí ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá, wàhálà tán. Ìyẹn bó bá jẹ́ iná Nẹ́pà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò mọ 50 kankan. À ń ya ìran ìjà tọkọtaya kan ní Sábó, ará ilé kejì tí a jọ ń lo jẹnẹrétọ̀ tan fíríìjì, mo gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì lọ sílẹ̀, ìlà dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun ojú ìyàwó lọ sókè. Òṣèré ò mọ nǹkan kan, ó ń sunkún lọ. Ẹkún tó dára jù lọ́jọ́ náà ló bá a lọ. Láti ìgbà yẹn, gbogbo gílóòbù onílé ni mò ń pa, LED oníbátìrì ni mò ń tàn, jẹnẹrétọ̀ á kàn máa ṣájì bátìrì ní ẹ̀yìnkùlé.

Bátìrì ńlá oní V-mount ni mò ń fi gbé kámẹ́rà fúnra rẹ̀ báyìí, torí kámẹ́rà náà ní ihò iná 12 fólítì tó ń tì pinpin. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí ìrẹsì bá dé, mi ò ronú kàn án mọ́.

Ọ̀rọ̀ ibi ìpamọ́: lọ́dún 2019 ni wọ́n gbé Blackmagic RAW, ọ̀nà tiwọn tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀, wọ inú rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù mi mí. Ní 4K férémù 25, tí mo bá fi ìfúnpọ̀ sí 8:1, ó ń jẹ bíi gígábáìtì 2 ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, SSD (dísìkì ìpamọ́) 1 TB á wá gba bíi wákàtí 6 ààbọ̀. Ojú ihò USB-C lẹ máa so SSD mọ́, Samsung T5 ni mò ń lò. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń di okùn yẹn mú o! Aṣọ òṣèré kan kọ́ tèmi, ó yọ, kámẹ́rà dá ìyàwòrán dúró, èmi sì ń wo ojú àwọn òṣèré, mi ò wo iná pupa.

Oòrùn ọ̀sán Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù kejì, ẹ mọ̀ ọ́n. Ojú kámẹ́rà á di dígí, ara yín lẹ máa rí. Ìborùn ìyàwó mi ni mò ń fi bo orí, bí àwọn oníwéètì-ǹ-gẹ́ẹ̀tì ayé àtijọ́, àwọn ọmọ LAUTECH tó ń kọjá sì ń yà mí ní fọ́tò. Kò sí ND, dígí dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, nínú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, 6K Pro tó jáde lọ́dún 2021, ló ní in, ojú tiẹ̀ sì ṣeé gbé sókè. Mo ra fíltà ND olówó kékeré kan, aṣọ-òkè dúdú bàbá ọba di àwọ̀ kọfí nínú àwòrán. Ẹ wá èyí tó ń dí infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kì í rí, kódà kí ẹ jẹ gbèsè.

Ohùn: ihò okùn máìkì mini XLR kan ló ní, ó ń gbé iná 48 fólítì fún máìkì, ó sì dára. Okùn rẹ̀ ni kò sí ní ìlú yìí, ẹ bèrè lọ́wọ́ ará Èkó.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká rà á báyìí?" Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba áàpù Blackmagic Camera sórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni, ti iPhone jáde lọ́dún 2023, ti Android dé lọ́dún 2024. Ojú ìwé rẹ̀ jọ ti kámẹ́rà gan-an, shutter, ISO, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kí wọ́n fi ya eré ìṣẹ́jú mẹ́wàá tán kí wọ́n tó wá bi mí. Ẹni méjì ló ti yà á tán. Ọ̀kan nínú wọn ò bèèrè Pocket mọ́, iná ló ń bèèrè, mo sì mọ̀ pé yóò là.

Tèmi ò sí fún títà. Ọ̀la Sátidé, mo ní òde lọ́nà Ọ̀yọ́, kámẹ́rà míì tó ń dá fókọ́ọ̀sì mú ni mò ń gbé lọ. Pocket wà nílé, torí ọjọ́ Ajé a ń wọ oko kajú kan láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Àwọn bátìrì ti wà lójú iná láti àná, Nẹ́pà sì ti mú un lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.