Ẹ ṣọ́ra fún skópù "ti revolver" tí kì í ṣe ti revolver

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ wa ní Texas àti agbègbè rẹ̀, ìgbà àgbọ̀nrín ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn oníjìbìtì náà sì ti pàtẹ. Ohun tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti níbi pàtẹ ìbọn ni skópù (awò tí a ń dè mọ́ ìbọn láti fi wo ọ̀ọ́kán), ìjókòó rẹ̀ (irin tí a ń dè mọ́ ìbọn) àti òrùka méjì tó ń di skópù mú, nínú páálí kan ṣoṣo. Wọ́n á ní ó bá gbogbo revolver (ìbọn ìléwọ́ tí àgbá ọta rẹ̀ ń yí) mu, owó rẹ̀ ò sì ní tó ìdámẹ́rin iye ojúlówó. Ẹ má tíì sanwó.

Orúkọ Leupold, ilé iṣẹ́ skópù Amẹ́ríkà kan, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára kọ́ ló léwu jù. Skópù ìbọn gígùn ni wọ́n ń tà fún yín. Tìyẹn, ínṣì 3 sí 4 péré ló yẹ kó wà láàárín ojú àti awò ẹ̀yìn. Ìbọn ìléwọ́ tí a ń na ọwọ́ méjèèjì yìn ń fẹ́ nǹkan bí ínṣì 15 sí 24. Ẹni tó bá gbé ti ìbọn gígùn sórí revolver alágbára bíi .44 Magnum kò ní rí nǹkan kan tó bá nawọ́. Yóò wá fa ìbọn sún mọ́ ojú kó lè ríran. Bó bá ti yìn ín, ìbọn á tàpá, etí irin skópù á sì là á ní ìpéǹpéjú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iná tó ń ru jáde láàárín àgbá ọta àti ọ̀pá ìbọn ti sún mọ́ ojú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ lè dá a mọ̀ láìsí ìbọn lọ́wọ́. Ẹ di skópù náà mú, ẹ na apá tán, kí ẹ fi wo àmì kan lára ògiri òdìkejì. Bí àwòrán bá kún inú awò dé etí, ti ìbọn ìléwọ́ ni. Bó bá rí bíi pé ẹ ń yọjú wo inú ihò kọ́kọ́rọ́, tí òkùnkùn yí i ká, ẹ dá a padà. Bó bá jẹ́ irú tó ń sún nǹkan mọ́ra díẹ̀díẹ̀, ẹ yí i dé òpin kí ẹ tún wò ó, torí ibẹ̀ ni àyè ojú ti máa ń há. Ẹni tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kó kọ iye ínṣì náà sílẹ̀. "Ó gùn dáadáa" kì í ṣe ìdáhùn. Ní ti Leupold, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ nípa ayédèrú, nítorí náà ẹ gba nọ́ńbà ara skópù kí ẹ fi pè wọ́n ní Oregon kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ó tún ku ìjókòó. Kò sí èyí tó bá gbogbo revolver mu, irọ́ ni. Revolver Ruger Super Redhawk ò tilẹ̀ nílò rẹ̀ rárá, ara irin ìbọn ni wọ́n gé ojú òrùka sí. Super Blackhawk Hunter, orí ọ̀pá ìbọn ni tirẹ̀ wà. Smith & Wesson 629 tó ní ihò, a ó yọ àmì ìfojúsùn ẹ̀yìn kí a tó de ìjókòó mọ́ ihò abẹ́ rẹ̀. Àwọn àtijọ́ kan ò ní ihò, ọlọ́jà á sì sọ pé kí ẹ fi díríìlì lu ú. Ẹ sá fún un. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn nìyẹn.

"A ó bá yín dè é lọ́fẹ̀ẹ́" ni ìdẹkùn kejì. Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni pé wọn kì í ti òrùka síwájú lórí ìjókòó kí wọ́n tó dè é. Bí ìbọn bá dún, ó ń sá sẹ́yìn, skópù ò sì fẹ́ bá a lọ, nítorí náà síwájú ló máa ń yọ̀. Ọ̀pá tó dábùú abẹ́ òrùka gbọ́dọ̀ ti fara ti ògiri iwájú kòtò rẹ̀ kí ẹ tó fún un. Fífún súkúrúù òrùka ò gbọdọ̀ ju ínṣì-páùn (ìwọ̀n agbára ìfúnpọ̀) 15 sí 20 lọ, ẹ lo sípánà oníwọ̀n. Loctite (gọ́ọ̀mù súkúrúù) búlúù díẹ̀ tó fún súkúrúù ìjókòó lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi acetone nu òróró kúrò. Bí wọ́n bá ti fi pupa sí i, iná nìkan ló máa tú u. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ọta má sí nínú àgbá, ẹ ṣí i síta kí ẹ wo abẹ́ irin tó wà lókè àgbá. Súkúrúù tó gùn jù máa yọrí síbẹ̀, á sì máa ha àgbá.

Iná lésà tí wọ́n fi "tọ́ ọ" kò tíì sọ ibi tí ọta máa bà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní yáàdì 25. Bí tíkì kan (ìró kan bí ẹ ti ń yí bọ́tìnnì skópù) bá jẹ́ ìdámẹ́rin MOA (ìwọ̀n igun kékeré tí a fi ń tọ́ skópù), tíkì 16 ni ínṣì kan níbẹ̀, ọta tó bá fi ínṣì 3 relẹ̀ ń fẹ́ tíkì 48. Ẹ yìn ín, ẹ yí i sókè 16, ẹ yìn ín, ọ̀tún 16, ìsàlẹ̀ 16, òsì 16, kí ẹ máa yìn ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àkọ́kọ́. Ayédèrú kì í sún nígbà tí ẹ bá yí i, á wá fò lójijì lẹ́yìn ọta kejì tàbí ìkẹta, torí sípíríǹgì inú rẹ̀ kò lágbára.

Àwọn kan náà tún ń ta àmì ìfojúsùn iwájú tuntun fún ẹni tí ọta rẹ̀ ń lọ sókè. Ẹ kọ́kọ́ wo ọta tí ẹ ń yìn. Ọta 300 grain (ìwọ̀n bí ọta ṣe wúwo sí) sábà máa ń bà sókè ju ti 240 lọ, torí ó ń pẹ́ nínú ọ̀pá ìbọn nígbà tí ẹnu ìbọn ń gbéra sókè. Àmì ẹ̀yìn ni kí ẹ yí, sí ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ọta lọ. Ti iwájú, òdìkejì ni.

Ẹ má fi Zelle, Cash App (áàpù ìfowóránṣẹ́ ni méjèèjì) tàbí káàdì ẹ̀bùn sanwó fún ẹni tí ẹ ò mọ̀. Káàdì báńkì ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ fi ọ̀dà èékánná fa ìlà láti orí súkúrúù dé ara òrùka, àti láti òrùka dé ara skópù. Lẹ́yìn ọta 6, bí ìlà bá ti yẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó tún nǹkan kan dè. Òun ni ẹ óò fi han báńkì nígbà tí ọlọ́jà bá ní ọwọ́ yín ló gbọ̀n.