Kapásítọ̀ wo ló yẹ túwítà? Mẹ́ta tí mo gbé wọ báfù bàbá mi

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Báfù méjì tí bàbá mi fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu ni mo gbé wá s'Àjàṣẹ́ níbí, ohùn ọ̀kan ti dà bíi ti ẹni tó faṣọ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Ìlù ń dún, wúfà, ẹnu ńlá tó ń gbé ohùn ńlá jáde, ò ní wàhálà, àmọ́ ṣaworo ẹsẹ̀ àwọn oníjó, tó jẹ́ pé òun gan-an ni bàbá máa ń tẹ́tí sí, ẹ ò lè gbọ́ ọ. Mo rò pé túwítà, ẹnu kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde, ti jó ni. Mo tú ẹ̀yìn ẹ̀, mo fi mítà kàn án, kò jó. Kapásítọ̀ ẹ̀ ni, èyí táwọn tó ń tún rédíò ṣe níbí ń pè ní condensateur, wọ́n kọ 4.7 µF (microfarad, ìwọ̀n iná tó lè gbà dúró) sí i lára, mítà mi ń ka 2.9. Ti ìkejì náà ti di 3.8.

Bí Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa Kétu, ni kapásítọ̀ yìí rí, ó ń yẹ ẹni tó fẹ́ wọlé wò. Ohùn tín-ín-rín á kọjá lọ bá túwítà, ohùn ńlá tó lè bà á jẹ́ á dúró síta. Tí túwítà bá jẹ́ 8 ohm (ìwọ̀n ìdíwọ́ iná), 4.7 µF á ṣílẹ̀kùn láti nǹkan bí 4,200 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ sókè, tó bá wá gbẹ di 2.9, ó di nǹkan bí 6,900 Hz, ohun tó wà láàárín á lọ sílẹ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ilé ni mo dé kí n tó rí i pé ó ní ìlà àmì ìyọkúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó túmọ̀ sí pé ó ní orí ó ní ìdí, bẹ́ẹ̀ iná inú báfù ń lọ ń bọ̀ ni, irú ẹ̀ lè wú kó sì bẹ́. Inú bí mi gan-an torí mo sọ fún ẹni tó tà á fún mi pé ti báfù ni mò ń wá. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ NP (non-polarised) tàbí BP (bipolar) sí lára, ìyẹn ò ní orí, kò ní ìdí.

Mo wá padà ra NP, 300 fráǹkì ọ̀kan, ṣaworo dé! Àmọ́ ọ̀kan ka 4.4, èkejì 5.2, ohùn ẹ̀fẹ̀ tó yẹ kó wà láàárín wá ń fì sápá kan. Omi tó wà nínú ẹ̀ náà á tún gbẹ lọ́jọ́ kan, ooru ilẹ̀ wa yìí ló sì máa ń tètè gbẹ ẹ́.

Polyester, irú kapásítọ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe, èyí tí wọ́n kọ 475J sí, 475 ni 4.7 µF náà, J yẹn ni pé kò gbọdọ̀ fi ju 5% yẹ̀, kì í gbẹ, ohùn ẹ̀ mọ́. Polypropylene, ọ̀rá mìíràn, wá tóbi bí àtàǹpàkò, 1,500 fráǹkì l'ọ́jà Wàǹdó, ọ̀kan ka 4.68, èkejì 4.71, ẹ ò rí nǹkan! Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi òjé jó o mọ́ ọn, ohùn ẹ̀ mú jù, ó ń gún mi létí, torí NP àtijọ́ ní ìdíwọ́ díẹ̀ nínú ara ẹ̀ tí èyí ò ní. Mo fi rẹsísítọ̀ 1 ohm kún un, ó rọlẹ̀.

Mo ní kí àbúrò mi máa pààrọ̀ polyester àti polypropylene láì sọ fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹwàá, mẹ́fà péré ni mo mọ̀. Ìyẹn ni mi ò ṣe ní ra àwọn olówó gọbọi tí wọ́n ń polówó kiri yẹn láéláé. Polypropylene ni mo fi sílẹ̀ fún túwítà, torí bó ṣe péye àti torí pé kò ní gbẹ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wúfà, 33 µF, NP tuntun ni mo fi síbẹ̀, polypropylene tó tó bẹ́ẹ̀ ò ní gba inú báfù náà, owó ẹ̀ náà á sì ga jù.

Tẹ́ ẹ ò bá rí 4.7, ẹ so 3.3 àti 1.5 pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó di 4.8. Kẹ́ ẹ sì mú mítà yín dání lọ sọ́jà, ìyá tó tà á fún mi ní Wàǹdó jẹ́ kí n wọn mẹ́jọ kí n tó mú méjì.