Adìwé Mọ́kọ́lá tó ń fi òwú rán ìwé

Bí ẹ̀yìn ìwé orin yín bá ti là, tàbí tí Bíbélì ìdílé yín ti ń já ewé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má tíì sọ ọ́ nù, ẹ má sì tíì ra òmíràn. Ẹ gbé e lọ sí Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Láàárín àwọn ilé ìtẹ̀wé tó kún àdúgbò náà, bàbá kan wà níbẹ̀ tó ṣì ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ìwé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, wọ́n ń ta bébà nísàlẹ̀. Kò kọ orúkọ kankan sára ilẹ̀kùn. Ẹ ṣáà béèrè bàbá adìwé, wọn á júwe rẹ̀ fún yín. Òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún.

Tísà ni mí. Mo wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, èmi náà sì padà di ẹni tó ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àdúgbò ni mo wá gbájú mọ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo sì ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo iṣẹ́ yìí, inú ìwé ló ń gbé. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ni mo lè gbé ìwé fún.

Ìwé tí mo kọ́kọ́ gbé lọ ni Ìwé Orin Mímọ́ tí màmá mi lò kí wọ́n tó sùn nínú Olúwa. Màmá ní àṣà kan: bí ìjọ bá kọ orin kan níbi ìsìnkú ẹnikẹ́ni, wọ́n á fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni náà àti ọdún sí etí ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin ọ̀hún. Àwọn orin kan wà tí orúkọ yí wọn ká tán. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ìwé mi kúrò níbi tí mo ti kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ fi gé etí rẹ̀ yípo kó lè dọ́gba, kí wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá yìí ò tíì sọ iye tí yóò gbà tó fi ń ṣí ewé rẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀. Ó ti jígí ojú rẹ̀ sókè, ó fi ìka tọ́ orúkọ kan. Ó ní, "Màmá, mi ò ní gé etí èyí o. Bí mo bá gé e, àwọn èèyàn yìí á bá a lọ." Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀.

Mo jókòó wò ó. Ó yọ òwú àtijọ́ kúrò, ó fi ọ̀bẹ ha gọ́ọ̀mù tó ti gan, ó to ìwé náà ní abala-abala, ó sì lẹ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ibi tí ewé ti ya. Ó wá fi ayùn kékeré rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ níbi tí abẹ́rẹ́ máa gbà. Ó ń fa òwú gba ara àbẹ́là kó lè dán, kó má sì tètè já, ó sì ń rán abala kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ló tó kan gọ́ọ̀mù, aṣọ àti páálí, tó wá fi irin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìwé tí wọ́n bá rán báyìí, bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ yóò tẹ́ gbalaja, kò ní máa pa dé mọ́ akọrin lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀, ooru Ìbàdàn ò ní jẹ́ kó pẹ́: gọ́ọ̀mù á gan, ewé á sì máa yọ.

Inú mi dùn débi pé mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá lọ. Èyí le ju ti orin lọ. Omi Ògùnpa tó ya ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 wọlé bá ìwé náà nílé akọ̀wé ìgbà yẹn, ó sì rin ín gbingbin. Ọjọ́ Ìsinmi ni, kò sí àgbà Ìbàdàn tó gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìwé náà gbẹ, ẹnì kan fi téèpù àti gọ́ọ̀mù tún un ṣe, ìyẹn gan-an ló sì wá lẹ ọ̀pọ̀ ewé pọ̀. Bàbá ò purọ́ fún mi. Ó ní ọ̀rọ̀ tí omi ti fọ̀ lọ, òun ò lè mú un padà. Ó fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi bébà funfun sí àárín wọn, kò sì sá wọn sóòrùn rárá. Nígbà tó parí, mo rí ojú ewé kan tí mi ò kà rí. Ọwọ́ akọ̀wé kan náà ni, yíǹkì ló yàtọ̀. Nǹkan tí wọ́n pín ló kọ síbẹ̀: ìkòkò, aṣọ, ìrẹsì, àti orúkọ àwọn tí omi gbá ẹrù wọn lọ tí wọ́n pín in fún. Inú ìwé tí omi bà jẹ́ náà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Mo kà á sétí ẹgbẹ́ nípàdé, àwọn ìyá àgbà sì ń dá orúkọ mọ̀.

Láti ìgbà tí míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ ti tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní 1853, tí Anna ń kó ọmọdé jọ kọ́ wọn níwèé, ni ìwé kíkà àti ìjọ ti ń rìn pọ̀ nílùú yìí. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá rí àkọsílẹ̀ ìjọ nínú àpò ọ̀rá, tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ní kí n wá gba ìwé orin náà lọ́jọ́rú, alẹ́ Àbámẹ́ta ló tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, ìkórè sì ni lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún ọjọ́ tó bá dá fún yín. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga, kò ní ohun ìdìmú. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó dúró nísàlẹ̀ pe ọmọ rẹ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Wọn kì í já rìsíìtì àfi bí ẹ bá béèrè, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè bó bá jẹ́ owó ìjọ lẹ ń ná.

Ìwé orin, ₦4,500. Ìwé ìpàdé, ₦9,000. Mo san ìdajì sílẹ̀, mo fi fóònù fi ìyókù ránṣẹ́. Owó náà tọ́ sí i. Ó tún so àwọn ìwé kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa pọ̀ fún mi, ìyẹn ò le.

Ẹ tẹnu mọ́ ọn pé òwú lẹ fẹ́, torí bí ọmọ rẹ̀ bá dá wà níbẹ̀, gọ́ọ̀mù ló máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ìwé ìrìbọmi ìjọ wa ló kàn báyìí. Àlùfáà ti fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ ìjọ ń wá owó rẹ̀. Bàbá ní kí a gbé e wá lẹ́yìn ọdún tuntun, torí kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìkórè ló ń gba ọwọ́ gbogbo wọn láti oṣù kẹwàá lọ. Ẹ̀yin náà tí ìwé yín bá pọ̀, ẹ fi í sí oṣù kejì tàbí ìkẹta.