Ta Ló Ń Yà Á? Àgbéyẹ̀wò Mi Lórí Alone, Survivorman àti Man vs. Wild

Ìbínú ló gbé mi dé ìdí kíkọ èyí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ètò tẹlifíṣọ̀n Alone, tí wọ́n ti ń fi èèyàn sígbó ní òun nìkan, tí ẹni tó bá gbẹ́yìn sì ń jẹ owó, ni mò ń wò: abala kẹfà, èyí tí wọ́n yà létí adágún Great Slave Lake ní àríwá Kánádà, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019. Yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀. Àwọn oníṣègùn ń bọ̀ wá yẹ ọkùnrin kan wò, ẹni tó bá sì ti ń wo ètò yìí mọ̀ pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi bojú, kí ará ilé ẹni tó jẹ owó tó yọ sí i láti ẹ̀yìn. Mo ti sún ara síwájú lórí àga. Ojú fóònù mi kàn funfun láú. Wọ́n ní àsansílẹ̀ mi ti parí, kí n sanwó. Owó tí báǹkì ti yọ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà!

Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí mò ń tipasẹ̀ rẹ̀ wò ó. Ẹni tó bá ń lò wọ́n á dá wọn mọ̀ látinú orin tí wọ́n fi ń dá èèyàn dúró lórí fóònù, orin kan náà tí kì í parí, tí ohùn obìnrin kan á máa já lù ú pé ìpè yín ṣe pàtàkì sí wa. Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ gbé e ní kí n pa fóònù mi kí n tún un tàn. Mo ní, "Sísì, bí mo bá pa fóònù, kí ni mo fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀?" Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tó ń bi ẹnì kan léèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó padà dé: "Ẹ má bínú sà, ẹ yọ ápù náà kúrò kí ẹ tún un gbé sí i." Mo gba fóònù Ìyá Ìbejì láti fi pè wọ́n padà, mo yọ ápù, mo gbé e padà, dátà ń jó lọ ràì. Kò ṣiṣẹ́. Ó ní kí n fi rìsíìtì ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́, ó ní òun ò rí i. Mo tún fi ránṣẹ́, ó ní òun ti rí i, àmọ́ owó náà ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn, kí n lọ bá báǹkì mi. Báǹkì ní owó ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Ni mo bá tún pe àwọn ará ibí padà, ẹlòmíì ló gbé e, mo sì tún gbogbo rẹ̀ rò láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń sun rárà.

Ẹni kejì yìí ló burú jù. Ó béèrè orúkọ mi, ó béèrè nọ́ńbà mi, ó béèrè oṣù tí wọ́n bí mi. Mo dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n dúró díẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó tún béèrè orúkọ mi. Mo wá gbóhùn sókè díẹ̀, mi ò purọ́, ló bá ní, "Ọ̀gá, ṣé torí fíìmù lásán lẹ ṣe ń pariwo báyìí?"

Fíìmù lásán! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ. Nínú gbogbo ètò ká-fi-èèyàn-sígbó tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí mò ń wò yẹn ló jìnnà sí fíìmù jù. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un, àmọ́ ó ti já ìpè. Ẹ̀yin ni n óò wá ṣàlàyé fún.

Ẹni tó là mí lójú ni bàbá tó ń ṣọ́ àdúgbò wa lálẹ́. Ọdẹ gidi ni, Ìgbẹ́tì ló ti wá, ìgbó sì ti mọ́ ọn lójú tipẹ́ kó tó di pé ọjọ́ ogbó gbé e wá sí Ìbàdàn. Ó bá wa jókòó nígbà kan tí àwọn ọmọ ń wo Man vs. Wild. Bear Grylls, ọmọ Britain tó ni ètò náà, ń sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní bí ọwọ́ òun bá yọ̀ pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn. Bàbá wò ó títí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹni tó ń yà á láti ìsàlẹ̀ yẹn ńkọ́? Ibo lòun gbà débẹ̀?" Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, mi ò lè wo irú ètò yìí mọ́ láì kọ́kọ́ wá ibi tí kámẹ́rà wà.

Ìbéèrè bàbá ti ní èsì tipẹ́. Lọ́dún 2007, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn agbaninímọ̀ràn tó bá wọn ṣiṣẹ́ tú àṣírí fún ìwé ìròyìn ní Britain. Lára àwọn òru tí a rò pé Grylls sùn sórí ewé, òtẹ́ẹ̀lì ló sùn sí. Àwọn ẹṣin tó pè ní ẹṣin ìgbẹ́ lórí òkè Sierra Nevada ní California, ọkọ̀ ni wọ́n fi kó wọn wá. Igi tó so pọ̀ tó fi tukọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti so ó tẹ́lẹ̀, wọ́n tú u palẹ̀ kó lè wá tún un so níwájú kámẹ́rà. Channel 4, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé e jáde níbẹ̀, fèsì pé ètò tó ń kọ́ni bí a ṣe ń yè nínú igbó ni, pé kì í ṣe pé àwọn kàn tẹ̀ lé e kiri láti ya ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Discovery, tó ń gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, wá tún àwọn ibì kan gé, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé òun àti àwọn tó ń yà á máa ń rí ìrànlọ́wọ́ gbà bí ewu bá dé.

Kì í sì í ṣe pé ọkùnrin náà ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ti wọ iṣẹ́ SAS, àwọn ọmọ ogun àkànṣe Britain, ní ẹ̀ka àwọn ológun àfipamọ́, páráṣúùtì rẹ̀ ya mọ́ ọn lójú ọ̀run ní Zambia lọ́dún 1996, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, lọ́dún 1998 ó dúró ṣánṣán lórí òkè Everest. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹni tó mọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó ń bẹ́ láti orí àpáta sínú odò? Bàbá ọdẹ ní nínú igbó, ẹsẹ̀ lèèyàn ń tọ́jú ṣáájú ikùn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ́ níbi tí kò sẹ́nì kankan, òun fúnra rẹ̀ ti di oúnjẹ.

Les Stroud, ará Kánádà, ti bẹ̀rẹ̀ Survivorman tirẹ̀ ní 2004, Grylls ò tíì dé. Ọjọ́ méje, òun nìkan. Òun ló ń ya ara rẹ̀, ẹrù kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀ sì tó nǹkan bíi kílò 23. Àwọn olùgbàlà wà níbì kan lọ́nà jíjìn bí nǹkan bá le jù, ó sọ ọ́ ní gbangba. Nígbà tí ẹ bá rí i tó ń rìn lọ nínú yìnyín títí tó fi rí bíńtín lójú, ẹ rò ó wò: kámẹ́rà tó ń yà á ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ padà wá gbé e, kó tún wá rin ọ̀nà yẹn lákọ̀tun. Ọ̀nà kan, ìrìn mẹ́ta, ebi sì ti ń pa á! Lóru, bí òtútù ò bá jẹ́ kó sùn, á fa hámóníkà yọ, á máa fọn ọ́ sí ara rẹ̀ létí. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó máa ń jókòó. "Èyí mọ̀ pé okun ń tán," bó ṣe sọ nìyẹn.

Alone gba ọgbọ́n Stroud yìí, ó fi owó sídìí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n History ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2015: èèyàn mẹ́wàá, wọ́n pín wọn káàkiri igbó Vancouver Island ní Kánádà, oníkálukú mú irinṣẹ́ mẹ́wàá, oníkálukú ń ya ara rẹ̀, ẹnì kankan ò mọ iye tó kù. Ẹni tó bá gbẹ́yìn ló ni $500,000. Ẹni tó bá sú, kó pe fóònù sátẹ́láìtì, wọ́n á wá gbé e. Ẹni tó kọ́kọ́ lọ ò lo ọjọ́ kan pé, ìbẹ̀rù béárì ló lé e lọ. Alan Kay tó jẹ ẹ́ lo ọjọ́ 56.

Ẹni tí kò bá tíì wo abala kẹfà, ẹ fo ìpínrọ̀ yìí. Jordan Jonas lọkùnrin tí mò ń wò. Ó ti gbé pẹ̀lú àwọn Evenki, darandaran Siberia, ó sì hàn nínú bó ṣe ń dá iná àti bó ṣe ń gún ẹran. Ó fi ọfà pa moose, ẹranko kan tó jọ àgbọ̀nrín, àmọ́ tó ga ju ẹṣin lọ. Ẹ ò bá rò pé ìyà ti tán. Rárá o. Ọ̀rá ló ṣọ̀wọ́n lára ẹran yẹn, ẹran pọ́ńbélé láìsí ọ̀rá kì í gbé ara ró, èèyàn á máa jẹ, á sì máa rù. Ọ̀rá díẹ̀ tó kó jọ ni wolverine, ẹranko kan tí kò tóbi ju ajá lọ, ń wá jí lóru. Bó ṣe fi ọfà àti àáké gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹranko yẹn nínú òkùnkùn, tí iná orí rẹ̀ ń mì síwá sẹ́yìn, tí a ò rí nǹkan kan dáadáa, kò sí ayàwòrán tó lè ṣètò irú ẹ̀. Bàbá dìde dúró. Ó ní, "Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní fẹ́nì kan jẹ."

Ọkùnrin náà jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gọ́rin. Mo rí i lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀gá àgbà kan nílé-iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n rí i. Òun ló pè mí. Ohùn jẹ́jẹ́, ó kí mi kú ìrọ́jú, ó ní òun ti ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa ìpè mi. Ó béèrè ètò tí mò ń wò. Mo sọ fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin náà ń wò ó! Ibo lẹ dé? Àbí kí n sọ ẹni tó jẹ ẹ́ fún yín?" Mo ní kó má dán an wò, n óò wá bá a nílé-iṣẹ́ wọn. Ó ní kí n má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà, pà, pà, pà, ó dúró, ó tún tẹ̀. "Ẹ wò ó báyìí." Ó là! Kò gbé fóònù sílẹ̀ títí ó fi gbọ́ ohùn ètò náà láti ọ̀dọ̀ mi, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan kún un fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ wọn bá rí bíi tirẹ̀, mi ò bá má kọ̀wé.

Àmọ́ o, nígbà tí ara rọ̀ mí tán, ìbéèrè mìíràn tí bàbá bi mí ò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní, "Kí ló dé tí ọkùnrin yẹn kò lọ sílé?" Mo ní owó ni. Ó mi orí. Mo sì rí ohun tó ń sọ. Àwọn ará Alone ń jẹun sanra kí wọ́n tó lọ, kí ebi lè rí nǹkan jẹ lára wọn. Lábala kẹta, ní Patagonia ní gúúsù Argentina, Carleigh Fairchild rù títí àwọn dókítà fi gbé e jáde tipátipá lọ́jọ́ 86. Lọ́jọ́ kejì ni ọkùnrin tó kù gba owó. Lábala keje, $1,000,000 ni, fún ẹni tó bá lo ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Roland Welker fi òkúta kọ́lé, ó pa musk ox, ẹranko ńlá onírun gígùn tó jọ màlúù, ó pé e. Ìyà náà kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ ta ló ń sọnù sínú igbó tó ń jókòó síbẹ̀ de kí ebi pa aládùúgbò rẹ̀ kúrò ṣáájú òun? Grylls tí mò ń bú látàárọ̀, gbogbo ètò rẹ̀, ilé ló ń wá. Odò ló ń tẹ̀ lé, títì ló ń wá, èéfín abúlé ló ń wò. Ìrìn rẹ̀ ayédèrú, ìtàn rẹ̀ sì jọ ti ẹni tó sọnù lóòótọ́. Mi ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn.

Ká tún sòótọ́, Alone máa ń súni. Wákàtí kan, ọkùnrin kan, ó ń sunkún torí ìyàwó rẹ̀, ó ń jẹ èèpo igi. Àwọn ìbejì á ti sùn. Tí Grylls bá fún omi jáde lára ìgbẹ́ erin tó sì gbé e mu, gbogbo ilé á hó yè, NEPA gan-an ò gbọ́dọ̀ mú iná lásìkò yẹn. Naked and Afraid, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ọkùnrin kan obìnrin kan, ìhòòhò, ọjọ́ 21: ìyá ìyàwó mi wà nílé nígbà tí mo ṣí i, mo pa á kíá, mi ò ní nǹkan míì láti sọ nípa rẹ̀.

Máàkì mi nìyí. Survivorman, 5 nínú 5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò wò ó dópin rí láì tòògbé. Alone, tí mo tìtorí ẹ̀ bá èèyàn jà, 3. Man vs. Wild, 4, kí bàbá ọdẹ má gbọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé wọn wá fún mi, 1 nínú 5, ọ̀gá yẹn nìkan ló ni máàkì kan yẹn. Mo ti sanwó oṣù tó ń bọ̀ fún wọn.