Mosh, fún ẹni tí NẸ́PÀ ń já okùn mọ́ lọ́wọ́

Sáfà márùn-ún, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé iṣẹ́ àwọn oníbàárà ró, ni mò ń bójú tó láti Ìbàdàn, ìkankan nínú wọn ò sì sí ní Nàìjíríà. Ssh, ètò tó ń jẹ́ kéèyàn tẹ àṣẹ sórí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, ni mo fi ń wọlé sí wọn, ojú mi sì ti rí nǹkan. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń ṣe apt upgrade (mímú àwọn ètò orí sáfà bá ìgbà mu) fún oníbàárà, iná lọ, ráútà kú, ssh gan pa. Kí n tó tan jẹnẹrétọ̀, dpkg, tó ń fi àwọn ètò náà sórí sáfà, ti há sáàárín. Aago kan òru kọjá kí n tó fi dpkg --configure -a tún un ṣe.

Àbúrò kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò mọ mosh ni?"

Iṣẹ́ tí ssh ń ṣe ni mosh ń ṣe, àmọ́ kì í já bí nẹ́tíwọọ̀kì bá lọ. MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde ní 2012, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa fi í sórí kọ̀ǹpútà yín àti sórí sáfà. Ssh náà ló máa fi wọlé, lẹ́yìn náà ló máa bọ́ sórí UDP, ọ̀nà kan tí ìsọfúnni ń gbà kọjá lórí nẹ́tíwọọ̀kì láìso okùn pọ̀. Mo pa láptọ́ọ̀pù dé nílé, mo wọ Micra, mo ṣí i ní Bódìjà lórí dátà fóònù. Ìlà búlúù kan ń ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tó ti gbúròó sáfà gbẹ̀yìn. Kò pẹ́, ìlà náà wọlé lọ, iṣẹ́ mi sì wà níbi tí mo fi í sí. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá ń wọ́, lẹ́tà tí mo bá tẹ̀ á ti yọ, ìlà á wà nísàlẹ̀ rẹ̀ títí èsì á fi dé.

Ó ní àléébù o. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà lásìkò yẹn nìkan ló ń fi hàn yín, ẹ ò lè yí i padà sókè wo ohun tó ti kọjá. Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá kú pátápátá, ẹ ò lè padà sórí iṣẹ́ yẹn mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń lo tmux, ètò tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ lórí sáfà bí mi ò tiẹ̀ sí níbẹ̀, mọ́ ọn:

mosh emi@safa -- tmux new -A -s ise

Ká sòótọ́, tmux nìkan ì bá gbà mí lọ́jọ́ apt yẹn.

Wákàtí kan gbáko ni mo fi ṣòfò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nítorí mi ò ṣí ojú ọ̀nà (port) UDP 60000 sí 61000 nínú fáyàwọ́ọ̀lù, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sáfà. Ẹni tó ni sáfà kan nínú márùn-ún ò tiẹ̀ gbà kí n ṣí i rárá. Ssh ni mo ṣì ń lò níbẹ̀, bí bátìrì ínfátà ò bá sì kún, mi ò ní fọwọ́ kàn án.