Idà ńlá àbí àáké ńlá, èwo ni kó o gbé nínú eré ìtàn onídáìsì tí wọ́n ń pè ní D&D?

Nínú ìwé òfin 2014, ọwọ́ méjì lèèyàn fi ń gbé àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé kò sáyè fún asà. Dáìsì tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣèpalára tó ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Idà ń ju d6 (dáìsì olójú mẹ́fà) méjì, àáké ń ju d12 (olójú méjìlá) kan ṣoṣo, tó o bá ṣírò ìpíndọ́gba ẹ̀, idà á máa fún ẹ ní bíi 7, àáké 6.5. Kò tó ìjà, àbí? Ṣùgbọ́n àáké lè já ẹ kulẹ̀ o, wàá sáré dé iwájú dírágónì, wàá ṣá a gidi, dáìsì á wá lọ dúró sórí 1, ojú á tì ẹ́. Ti idà ò lè kéré sí 2 láéláé.

Tó bá jẹ́ Fighter (jagunjagun) lo fẹ́ ṣe, tó o sì mú ọ̀nà ìjà tí wọ́n ń pè ní Great Weapon Fighting, ẹjọ́ ti parí, torí wàá máa tún 1 àti 2 jù, idà á gòkè sí 8.33, àáké 7.33.

Barbarian, jagunjagun oníbìínú, ló le díẹ̀. Láti lẹ́fẹ̀ẹ́lì 9 dé 12, tí d20 ẹ (dáìsì olójú ogún tó o fi ń wò ó bóyá o ṣá a bá) bá já sí 20, wọ́n á fi dáìsì kan kún un: d12 fún àáké, d6 péré fún idà. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo ìyẹn, àmọ́ 20 kì í wọ́pọ̀ jàre, idà ṣì ń lé iwájú. Àfi tó o bá jẹ́ ẹ̀yà half-orc, tó tún ní dáìsì tiẹ̀ lọ́tọ̀ tí 20 bá já, tó o sì ń lo Reckless Attack (tó ń jẹ́ kó o ju d20 lẹ́ẹ̀mejì, kó o mú èyí tó ga) ṣáá, ìgbà yẹn ni kó o gbé àáké.