Gílóòbù LED fún ọkọ̀ àtijọ́: iná iwájú já mi kulẹ̀, iná ẹ̀yìn tẹ́ mi lọ́rùn

Honda CR-V ọdún 2000 ni mo ń wà. Òun ni mo ń gbé láti Lugbe lọ síbi iṣẹ́ ní Wuse lójoojúmọ́, òun náà ni mo sì ń gbé lọ sílé ní Kàbà bí ìnáwó ẹbí bá délẹ̀. Nínú oṣù Kọkànlá tó kọjá, ilẹ̀ ṣú mọ́ mi láàárín Ọbájánà sí Kàbà, mo sì rí i pé iná iwájú ọkọ̀ mi kò sàn ju àtùpà elépo lọ. Ìlà funfun ẹ̀gbẹ́ títì kò hàn sí mi, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí àjàgbé sìmẹ́ǹtì kan tó kú sójú ọ̀nà títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ìdí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí abúlé mẹkáníìkì tó wà ní Apo, mo ra gílóòbù LED (irú tuntun tí kò ní wáyà tó ń gbóná nínú) méjì fún iwájú ní ₦18,000, mo sì ra mẹ́rin kéékèèké fún ẹ̀yìn ní ₦6,000. Mo lò wọ́n nínú ọyẹ́, mo sì lò wọ́n títí òjò àkọ́rọ̀ fi dé.

Ọ̀rọ̀ ara páálí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà. Wọ́n ní gílóòbù kọ̀ọ̀kan ń tan 20,000 lumens (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀), bẹ́ẹ̀ gílóòbù oníwáyà tí wọ́n ń pè ní halogen H4, tí wọ́n ṣe iná ọkọ̀ náà fún, èyí tó ń jẹ wáàtì 55 ní dímù àti 60 ní fúùlù, kò ju nǹkan bí 1,000 lumens lọ ní dímù àti 1,650 ní fúùlù. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo sì sanwó síbẹ̀, nítorí pé nígbà tí ọmọ ìsọ̀ náà fi bátìrì tàn án, funfun rẹ̀ gún mi lójú débi pé n kò ní ìbéèrè kankan mọ́.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ògiri ọgbà wa mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Àmọ́ lójú ọ̀nà tóóró tó wọ FHA Lugbe, gbogbo ẹni tó ń bọ̀ níwájú ló ń ṣẹ́ fúùlù sí mi. Wọ́n rò pé èmi ni mo tan fúùlù mọ́ wọn lójú, bẹ́ẹ̀ dímù ni mo wà. Ìmọ́lẹ̀ náà gun orí igi, ó tàn sára pátákó ìpolówó, ilẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ funfun báláú, ṣùgbọ́n níbi tó jìnnà bí àádọ́ta mítà, níbi tí mo ti nílò ìmọ́lẹ̀ gan-an, òkùnkùn ni.

Ríwáyà (ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe) àgbàlagbà kan, ọmọ Òmù-Àrán, ló là mí lóye. Ó mú gílóòbù halogen àtijọ́ kan, ó gbé e sókè síbi tí oòrùn wà, ó ní, “Ẹ wò ó, ọ̀gá. Wáyà méjì ló wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rí abọ́ kékeré tó wà lábẹ́ ti dímù yìí? Òun ni kì í jẹ́ kí iná fọ́ ẹlòmíràn lójú.” Ibi tí wáyà yẹn wà ni wọ́n wọ̀n tí wọ́n fi ṣe àwo dídán inú iná ọkọ̀, tó fi jẹ́ pé bí orísun ìmọ́lẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Igi irin tí wọ́n lẹ LED tèmi mọ́ nípọn ju wáyà halogen lọ fíìfíì, ẹni tó sì kọ́kọ́ bá mi dè é kọ ojú rẹ̀ sókè àti sísàlẹ̀. Bàbá yí òrùka ọrùn rẹ̀ títí ojú méjèèjì fi wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ó ní kí n dúró ní mítà márùn-ún sí ògiri, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó ṣe déédéé àárín iná, ó sì fi súkúrúdíráifà rẹ etí òkè ìmọ́lẹ̀ náà sílẹ̀ títí ó fi tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lábẹ́ àmì náà. Ìbínú àwọn tó ń bọ̀ níwájú rọlẹ̀, ṣùgbọ́n etí ìmọ́lẹ̀ náà ṣì rí wúruwùru.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ nítorí ẹni tó bá fẹ́ ra odidi iná tókunbọ̀ dípò gílóòbù. Ẹ wádìí ìlú tó ti wá. Apá òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀ ní Ìlú Ọba àti ní Japan, apá òsì náà ni iná wọn ń na ìmọ́lẹ̀ sí. Àwa sì ti kúrò lápá òsì láti ọdún 1972, nítorí náà ojú ẹni tó ń bọ̀ ni irú iná bẹ́ẹ̀ yóò máa tàn sí.

Ohun tó mú mi kábàámọ̀ owó mi ni gíláàsì iná, tó jẹ́ pé ike ni ní tòótọ́. Oòrùn ti sun ún títí ó fi rí bí òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá fi sáńpépà 800 pẹ̀lú omi ha á, ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú 1500 àti 2000, ó fi oògùn dídán fọ̀ ọ́, ó sì fín nǹkan lé e lórí tí kò ní jẹ́ kí oòrùn tètè bà á jẹ́. Wákàtí kan àbọ̀ àti ₦7,000 ni gbogbo rẹ̀ gbà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dá halogen àtijọ́ padà kí n lè fi wé LED, ìlà ẹ̀gbẹ́ títì sì hàn sí mi kedere láti òkèèrè. Ká ní gíláàsì yẹn ni mo kọ́kọ́ tún ṣe ni, n kì bá tí ra LED fún iwájú rárá.

Ọyẹ́ ló wá parí ẹjọ́. Nígbà tí eruku bo ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ funfun tó tú káàkiri yẹn ń kọlu eruku, ó ń padà wá sójú mi bí aṣọ funfun tí wọ́n ta síwájú ọkọ̀. Fáànù kékeré ìdí gílóòbù náà kò sì jẹ́ kí rọ́bà ìdérí ẹ̀yìn iná wọlé dáadáa. Wọ́n gé e, eruku sì gba ibẹ̀ wọ inú àwo dídán. Rédíò ọkọ̀ pàápàá ń pariwo ṣììì ní gbàrà tí mo bá ti tan iná.

Ọ̀rọ̀ iná ẹ̀yìn yàtọ̀. LED funfun ni wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣì rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn ike pupa, nítorí pé pupa nìkan ni ike náà ń jẹ́ kó kọjá, pupa kò sì pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ LED funfun. Mo fi LED pupa rọ́pò rẹ̀, ó sì mú ṣáṣá. Bí mo bá tẹ bíréèkì, ó ń yára tàn ju gílóòbù oníwáyà lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá; ẹni tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lẹ́yìn mi yóò ti rìn ju mítà márùn-ún lọ láàárín ìyẹn. Mo gba onímọ́tò àtijọ́ níyànjú pé kó ṣe èyí. Ti tiráfíkétọ̀ nìkan ni kò bọ́ sí i: LED kò fa iná tó, rìlé, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú iná náà ṣẹ́jú, rò pé gílóòbù ti jó, ó sì ń kọ tàkà-tàkà-tàkà láìsinmi. Wọ́n ní kí n so rẹ̀sísítọ̀ mọ́ ọn kó lè máa fa iná kún un, ṣùgbọ́n nǹkan yẹn máa ń gbóná gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike, nítorí náà mo dá ti oníwáyà padà síbẹ̀.

Halogen H4 tuntun ti wáàtì 60/55 ló wà níwájú ọkọ̀ mi báyìí. Ẹ má ṣe ra ti 100/90 tí wọ́n máa ń gbé síwájú ẹni, nítorí wáyà ọkọ̀ kò lè gbé e, ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò sì yọ́. LED iwájú méjèèjì wà nínú páálí wọn nínú bọ́ọ̀tù. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní òun kì í gba ọjà tí iná bá ti wọ̀ padà.